Ọba Tó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Òfin

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Òde-Mahin àti gbogbo etí omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé, ẹ kú ewu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí ààrò tí ẹ ń yan ẹja lọ́wọ́, ẹ kú iná, ẹ kú èéfín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lọ́jà Igbókòdá, tí ẹ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, ajé á wọ igbá o. Ọ̀rọ̀ olórí la fẹ́ sọ lónìí: ọba, baálẹ̀, bàbá ìjọ, wòlíì, ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́, títí dé orí ẹni tí wọ́n fi ṣe akápò ẹgbẹ́ apẹja. Kí ni Bíbélì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀?

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò dáhùn pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè ní ìrẹ̀lẹ̀ lára àwọn olórí wa kì í sábà ju ìṣesí lọ. A ó ní bàbá yìí mà níwà o, kì í pariwo mọ́ ènìyàn, ó ń kí ọmọdé kí ọmọdé tó kí i, ó ń dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ títí iyanrìn fi ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò dúró níbẹ̀. Nínú Bíbélì, ìrẹ̀lẹ̀ olórí jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò. Ṣé òfin mú ẹni náà bó ṣe mú àwa yòókù? Ṣé ìbéèrè lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bó bá ṣìnà, ta ló lè sọ fún un, tí yóò sì gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé Diutarónómì, orí 17, láti ẹsẹ 14 dé ẹsẹ 20. Nígbà tí Mósè ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, Ísírẹ́lì kò tíì ní ọba kankan. Òdìkejì Jọ́dánì ni wọ́n ṣì wà, wọn kò tíì wọ ilẹ̀ náà. Ó sọ fún wọn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò fẹ́ ní ọba bíi ti àwọn tó yí wọn ká. Kò ní kí wọ́n má ní in. Ààlà ló pa sílẹ̀ kí ọba náà tó dé. Ọba kò gbọdọ̀ kó ẹṣin jọ, ẹṣin sì ni agbára ogun láyé ọjọ́un. Kò gbọdọ̀ kó ìyàwó jọ, torí pé ìyàwó ni àwọn ọba fi ń di àna ara wọn, òrìṣà ilé àna sì máa ń tẹ̀ lé ìyàwó wọ ààfin. Kò gbọdọ̀ kó fàdákà àti wúrà jọ fún ara rẹ̀. Agbára, àna, owó. Ibi mẹ́ta tí ọkàn olórí máa ń gbà kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ nìyẹn, òfin náà sì ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn èèwọ̀ mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òfin gbé lé ọba lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ogun, kì í ṣe kíkọ́ ààfin. Bó bá ti gun orí ìtẹ́, kí ó jókòó, kí ó da òfin Ọlọ́run kọ sínú ìwé tirẹ̀, láti inú ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà ọmọ Léfì. Kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọba tuntun ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró yàn án ni, ìlú ń pariwo kábíyèsí lóde. Wọ́n wá gbé awọ àti gègé síwájú rẹ̀. Akọ̀wé kún ààfin, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ ọ́. Àwọn àlùfáà jókòó tì í, ìwé àkọ́kọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn, kò lè fo ẹsẹ tí kò bá wù ú. Ọwọ́ ń ro ó, ó ń kọ ọ́ lọ. Bó bá dé ibi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ẹ̀tọ́ àlejò àti ọmọ aláìníbaba po, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bó bá dé ibi tí òfin ti ní kí a má gba ẹ̀wù opó ṣe ìdógò, kó kọ ìyẹn náà. Nígbà tó bá sì kan orí tó sọ̀rọ̀ nípa ọba, yóò kọ ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé òun ọba kò gbọdọ̀ kó ẹṣin jọ. Lọ́jọ́ tí òwò ẹṣin bá wá wù ú ńkọ́? Ìwé wà nílé, ọwọ́ tó kọ ọ́ náà sì wà lára rẹ̀.

Mósè sọ ìdí tí òfin náà fi wà. Ó ní kí ọkàn ọba má baà ga ju ti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Níbi tí ìrẹ̀lẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò pàṣẹ fún ọba pé kó lójú àánú tàbí kó máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó fún un ní ìwé tí yóò máa kà lójoojúmọ́, ìwé tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ níbẹ̀yẹn, abẹ́ òfin ni olórí gbà láti wà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé Àwọn Ọba Kìíní, ẹ ó ti rí ibi tí mò ń lọ. Sólómọ́nì ọlọ́gbọ́n, ọba tó kọ́ tẹ́ńpìlì, rú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí 10 sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ jẹ́ 1,400, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì jẹ́ 12,000. Orí 11 ní ìyàwó 700 àti àlè 300. Wúrà tó ń wọlé fún un lọ́dún kan jẹ́ tálẹ́ńtì 666. Ọgbọ́n rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó kú, tí ọmọ rẹ̀ Réhóbóámù lọ jọba ní Ṣẹ́kẹ́mù, àwọn ará ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ẹrù bàbá rẹ̀ kù lórí àwọn. Àwọn àgbà ààfin gbà á nímọ̀ràn pé bó bá lè ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn ènìyàn yìí lónìí, tirẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó le mọ́ wọn. Ti ẹgbẹ́ ló gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yà mẹ́wàá ti bá tiwọn lọ.

Sámúẹ́lì ni mo fẹ́ ká dúró tì díẹ̀, torí pé nínú gbogbo àwọn olórí inú Bíbélì, òun ló ṣe ohun tí mo ń gbàdúrà pé kí ojú mi rí nílẹ̀ Ìlàjẹ yìí. Ó wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí 12. Ó ti dàgbà, orí rẹ̀ ti funfun. Láti kékeré ló ti ń sìn ní ilé Ọlọ́run, ó sì ti ṣe onídàájọ́ fún wọn láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ti gba ọba tuntun, iṣẹ́ onídàájọ́ rẹ̀ ti parí. Olórí mìíràn ì bá pè wọ́n jọ kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ àti orúkọ oyè. Sámúẹ́lì dìde láàárín gbogbo Ísírẹ́lì, ọba tuntun wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n wá jẹ́rìí sí òun níwájú Olúwa. Ta ni òun gba màlúù rẹ̀ rí? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni òun gbà? Ta ni òun rẹ́ jẹ, ta ni òun ni lára? Ọwọ́ ta ni òun ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ojú òun fi fọ́ sí òtítọ́? Kí ẹni tí ọ̀ràn kàn sọ ọ́, òun yóò sì dá a padà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ohun tí olórí lè gbà ló ń dá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, owó. Kò ní bí òun bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n foríjì òun. Àdúrà ìparí ọdún tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ etí omi wa níbí ni Sámúẹ́lì ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ni ì bá béèrè, àwọ̀n ni ì bá béèrè, ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ì bá béèrè, owó tí ilé iṣẹ́ epo san fún ìlú ni ì bá béèrè. Ó sì béèrè rẹ̀ ní gbangba, níbi tí opó tó wà lẹ́yìn ìjọ lè gbé dìde kí ó ní, "Bàbá, tèmi wà ńbẹ̀." Wọ́n dá a lóhùn pé kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bíbélì kò sì bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí 8 ti sọ pé ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Jóẹ́lì àti Ábíjà, jẹ onídàájọ́ ní Bíáṣébà, wọ́n sì ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlú ti rí ìdí tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ọba. Ọwọ́ Sámúẹ́lì mọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ ti ọwọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ìpínlẹ̀ tiwa yìí kan ṣe ohun tó yàtọ̀. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mi, ọmọ Oǹdó, tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952, kò kàwé gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ń wo ẹni tí yóò gba ipò lẹ́yìn òun, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò kan ní yunifásítì ló yàn, Enoch Adébóyè, ẹni tí kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ nínú ìjọ náà, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un bó bá ń wàásù. Àwọn tó ti bá bàbá ṣiṣẹ́ pẹ́ wà níbẹ̀, ẹbí sì wà. Ní 1980, nígbà tí bàbá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni máa sọ nípa àwọn ìjọ ńlá ti òde òní, agbára kékeré kọ́ ni bàbá tó kọjá ilé ara rẹ̀ wá olórí fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Mósè, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa onígbàgbọ́ etí omi gan-an. Gbogbo wa ló mọ̀ pé Ìwé Númérì orí 12 pè é ní ẹni tó rẹlẹ̀ ju gbogbo ènìyàn orí ilẹ̀ lọ. Ta ló tún gbọ́ ohùn Ọlọ́run tó Mósè? Igbó tó ń jó tí kò jó tán, òkun tó pín sí méjì, òkè tó ń mì. Ṣùgbọ́n nínú Ẹ́kísódù orí 18, àna rẹ̀ Jẹ́tírò wá kí i. Àlùfáà ilẹ̀ Mídíánì ni, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Ó jókòó, ó wo bí Mósè ṣe ń dá ẹjọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí èrò tò sí iwájú rẹ̀ nínú oòrùn. Ó sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé yóò pa ara rẹ̀, yóò sì pa àwọn ènìyàn náà. Kó yan àwọn ènìyàn tó kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kó fi wọ́n jẹ olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá, kí wọ́n máa dá ẹjọ́ kéékèèké.

Mósè lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ó lè ní, "Olúwa ló sọ fún mi pé kí n máa ṣe é báyìí." Ta ni Jẹ́tírò tí yóò jiyàn? Mósè kò sọ ọ́. Bíbélì ní ó gbọ́ ti àna rẹ̀, ó sì ṣe gbogbo ohun tó sọ.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi nínú Olúwa, inú ìjọ tí ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti dàgbà. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí gbólóhùn yẹn fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí wòlíì bá ní Olúwa ló ní kí a ta ọkọ̀ ìjọ, ta ló máa béèrè iye tí wọ́n tà á? Bí ó bá ní ìran ló yan akápò tuntun, ta ni yóò sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wòlíì ni akápò? Mósè ní ẹ̀tọ́ sí gbólóhùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì fi pa Jẹ́tírò lẹ́nu mọ́. Àti nígbà tí Ẹ́lídádì àti Médádì ń sọ tẹ́lẹ̀ ní ibùdó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí Jóṣúà ní kó dá wọn lẹ́kun, ó bi Jóṣúà bóyá torí òun ló ṣe ń jowú. Ó wù ú kí gbogbo ènìyàn Olúwa jẹ́ wòlíì.

Ìtàn etí òkun wa fi ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ní ọdún 1925 ni Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún kẹrin rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ipò àti àṣẹ. Jákọ́bù àti Jòhánù náà ti béèrè ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì rí, wọ́n sì wà pẹ̀lú Jésù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná àdúrà náà kò kú. Ó dé etí omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti inú ìjọ náà jáde, tí wọ́n sì ti jìyà nítorí ìgbàgbọ́ wọn, tẹ Ayétòrò dó. Ohun tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ nípa àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, pé wọ́n ní ohun gbogbo pọ̀, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe kà á. Àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀. Apẹja kì í mú owó ẹja rẹ̀ lọ sílé. Láàárín ọdún díẹ̀, lórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ìlú lè dúró lé, wọ́n ní afárá pákó tí ènìyàn ń gbà láti ilé dé ilé, iná mànàmáná tí ẹ̀rọ tiwọn ń tàn, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà. Stanley Barrett, onímọ̀ kan láti Kánádà, kọ odindi ìwé lórí wọn, tó jáde ní 1977.

Ìdúróṣinṣin àwọn olórí ìgbà yẹn ní ẹ̀rí tí ojú ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó lọ, kó wo pákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1960, ìlú náà gbà kí oníkálùkù máa ṣe òwò tirẹ̀, ayé sì yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ìlú bí Ayétòrò gbé síwájú gbogbo wa, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ogeloyinbo ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀, òun náà sì ni olórí ìjọ. Bí adé àti àdúrà bá wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, níbo ni wòlíì Nátánì, ẹni tó bá Ọba Dáfídì wí, yóò gbà wọlé?

Ísírẹ́lì mọ ewu yìí. Ọba kì í ṣe àlùfáà níbẹ̀. Ìwé Kíróníkà Kejì orí 26 sọ ti Ùsáyà, ọba rere, ọba tó ṣàṣeyọrí, tó wọ tẹ́ńpìlì lọ sun tùràrí fúnra rẹ̀. Asaráyà àlùfáà àti 80 àlùfáà mìíràn, akọni ọkùnrin, wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sì dojú kọ ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyí, kó jáde. Ibi tó ti ń bínú sí wọn ni ẹ̀tẹ̀ ti yọ sí i níwájú orí.

Ti Dáfídì yàtọ̀. Ó gba aya Ùráyà, ó sì pa Ùráyà. Nátánì wọ ààfin, ó pa ìtàn ọlọ́rọ̀ tó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, ó sì jẹ́ kí ọba fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ kó tó sọ fún un pé òun ni ọkùnrin náà. Idà wà lọ́wọ́ Dáfídì. Ẹni tó ti pa ọmọ ogun olóòótọ́ kò ní ṣàì lè pa wòlíì. Ó ní òun ti ṣẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: nínú Kíróníkà Kìíní orí 3, a rí orúkọ àwọn ọmọ tí aya Ùráyà yẹn bí fún Dáfídì lẹ́yìn náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Sólómọ́nì. Òmíràn ń jẹ́ Nátánì. Nínú ilé tí wòlíì ti wá bá ọba wí, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, olùkọ́, ṣé kí olórí máa wólẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni? Rárá o. Ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ojo. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni. Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ní kó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n rọ̀ ọ́ kó tó gbà ní 1864. Ní oṣù Kẹjọ 1890, ní Ọ̀nìṣà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n kéré sí i gidigidi jókòó nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Kò bú wọn. Kò sì dákẹ́. Ó béèrè àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe é, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹni tó gbà láti wà lábẹ́ òfin náà ló lẹ́nu láti béèrè òfin lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó wá kan Jésù. Mo mọ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀ ṣáájú Àjíǹde, ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń fọ ẹsẹ̀ ara wọn. Nínú Jòhánù orí 13, kí Jésù tó dìde nídìí oúnjẹ, Jòhánù sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa: ó mọ̀ pé Bàbá ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ló bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, tó sán aṣọ ìnura mọ́dìí, tó bu omi sínú àwokòtò. Ipò kò kúrò lórí rẹ̀, ó sì wí fún wọn pé Olúwa àti Olùkọ́ ni òun lóòótọ́. Ẹ̀yin tó ń tukọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ọ̀nà omi jù lọ, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó sí, lẹ́yìn gbogbo èrò. Òun ló ń darí, bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Nínú àwokòtò yẹn, ẹsẹ̀ Júdásì náà wà ńbẹ̀. Jésù mọ̀, ó sì fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má fi fífọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bo owó mọ́lẹ̀. Nínú ìjọ aláṣọ funfun, bàbá ìjọ àti ọmọ kékeré ló jọ ń wọ ilé Ọlọ́run láìwọ bàtà. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí pé ilẹ̀ kan náà ló ń gba ẹsẹ̀ gbogbo wa. Ẹ kàn jẹ́ kí ìwé owó náà wà ní gbangba bí ẹsẹ̀ ṣe wà. Pọ́ọ̀lù kó owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù. Àpọ́sítélì ni, ta ni yóò fura sí i? Síbẹ̀, nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun bá àwọn wí lórí ẹ̀bùn ńlá náà, torí náà kò gbé owó náà nìkan. Títù ń bọ̀, arákùnrin kan tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, arákùnrin kẹta sì wà pẹ̀lú wọn. Ó ní kó dára lójú Olúwa, kó sì dára lójú ènìyàn. Bí ìkórè bá ń bọ̀ ní ìjọ yín, ẹ rí i pé ju ẹnì kan lọ ló ń ka owó, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Bí ẹ bá yan ẹlòmíràn láti yẹ ìwé náà wò, ẹ má yan ẹni tí akápò yàn.

Ohun kan náà ló kan àwọn olórí ìlú. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá òkun dúró ní Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, odi kò sí, òkun sì ń gba ilé. Àwọn tó bá dúró ṣe aṣáájú fún wa níwájú ìjọba ní láti lè sọ fún wa, lọ́nà tí Sámúẹ́lì gbà sọ ọ́, ohun tó wọ ọwọ́ wọn àti ohun tó jáde.

Mo mọ ibi tó ti ń ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ lára. Báwo ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa yóò ṣe bi bàbá léèrè owó? Àṣà wa kò gbà kí ọmọdé nàka sí àgbà, mi ò sì fẹ́ kí ó gbà. Ẹ ka Àwọn Ọba Kejì, orí 5. Náámánì olórí ogun Síríà dé ilé Èlíṣà pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èlíṣà kò jáde sí i, ó rán ìránṣẹ́ pé kó lọ wẹ̀ ní Jọ́dánì lẹ́ẹ̀meje. Inú bí Náámánì, ó ní odò Dámásíkù dára ju ti Ísírẹ́lì lọ, ó kẹ̀yìn, ó ń lọ. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Bàbá ni wọ́n pè é. Wọ́n ní bí wòlíì bá ní kó ṣe ohun ńlá, ṣé kò ní ṣe é? Kí ló dé tí kò ní ṣe kékeré? Wọn kò bú u, wọn kò jáde lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn kò sì dákẹ́. Ọ̀gágun náà gbọ́ ti ẹrú rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Kó tó débẹ̀ pàápàá, ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n kó lẹ́rú ló ti kọ́kọ́ sọ pé wòlíì wà ní Samáríà.

Nítorí náà, bí ìpàdé ìjọ yín tàbí ti ẹgbẹ́ yín bá dé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ kí bàbá, ẹ kí ìyá, kí ẹ sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìṣirò owó ọdún tó kọjá." Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ Nehemáyà la ó gbé yẹ̀ wò, gómìnà tó ṣàkóso Júdà fún ọdún 12 láìjẹ oúnjẹ tí òfin fún gómìnà, tó sì ń bọ́ àádọ́jọ ènìyàn lórí tábìlì rẹ̀. Orí 5 ni. Ẹ bá mi kà á sílẹ̀.